Ọtí Tí Mo Yàn fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Etí Oko Kiranbẹ́rì,
Wisconsin.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá.

Janelle, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Ara ńkọ́? Òkun ńkọ́, òtútù orí ọkọ̀ yín ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀ lórí irin tí ẹ ń rìn lé yẹn, kí o sì máa rí oorun sùn bó ṣe yẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ara èmi náà le. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi wọ́ níbì kan, má dààmú. Òtútù kọ́, àìsàn kọ́, ẹ̀rù ni.

Wàá ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí a lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹ bá gúnlẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Ìdúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ, o ní, "Màámi, báwo ni Ìdúpẹ́ ṣe lọ?" mo sì parọ́ fún ọ pé ó lọ dáadáa, pé tòlótòló ló kàn gbẹ díẹ̀. Irọ́ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Mo bẹ̀ ọ́, má fò lọ sí ìparí lẹ́tà láti wo bí ọ̀rọ̀ ṣe já sí. Bí o bá kọ́kọ́ mọ òpin rẹ̀, wàá tètè dárí jì mí, n kò sì fẹ́ kí o tètè dárí jì mí.

Orí ọtí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé àjọ̀dún Ìdúpẹ́ àkọ́kọ́ nìyí láti ìgbà tí a ti sin ìyá àgbà rẹ ní oṣù Kẹta. Òun ló máa ń po ọtí ọjọ́ náà: ṣúgà àti bítà ní ẹ̀kán méjì, ègé ọsàn kan tí yóò fi ìdí ṣíbí igi tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ife, búráńdì lé e lórí, àti èso ṣẹ́rì pupa kan. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó ti tòlótòló láìsí ife yẹn lọ́wọ́. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ilé mi la ó ti jẹun, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ yan ohun tí a ó mu. Lójú ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n Verlyn àbúrò mi ń bọ̀, oṣù mẹ́rìnlá sì rèé tí ọtí kò tíì kan ẹnu rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí nípa ọ́ńkù rẹ. Ní òru òtútù kan lóṣù Kẹsàn-án èṣín, inú ahéré ẹ̀rọ afami tó ń fa omi sí oko ni mo ti bá a, ó mutí yó sùn gbalaja sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ètè rẹ̀ dú bí aró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé etí lé e láyà kí n tó gbọ́ ohunkóhun. Láti ọjọ́ náà, bí omi dídì bá ti dún kéré nínú ife, ibikíbi tí mo bá wà, àyà mi á já. Mo máa ń wo ọwọ́ Verlyn ṣáájú kí n tó wo ojú rẹ̀. Ó sì mọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àǹtí Delores, àbúrò bàbá mi, ti pè mí. Ó ní, "Marlys, wọ́n ní o ò fẹ́ po búráńdì. Ṣé òkú ìyá rẹ la tún fẹ́ sin lẹ́ẹ̀kejì ni? Nítorí ẹnìkan ṣoṣo, ká wá máa mu omi bí ẹja?" Bàbá rẹ ní tiẹ̀ ní kí n má po nǹkan kan, ká mu kọfí, ká jẹun, kí oníkálukú lọ sílé. Mo bá pe Verlyn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Marlys, ibi tí mo ti ń ra epo ọkọ̀, wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀. Ẹni tó ń gé irun mi, bíà ló fi ń ṣe oníbàárà lálejò. Po ohun tó bá wù ẹ́. Ṣáà fún èmi ní nǹkan tí kò jọ oògùn ikọ́ ọmọdé."

Ẹ̀rín rẹ̀ kò tu mí lára. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi dúró ní ilé ìdáná tí mò ń po ọtí tí mò ń dà á nù. Mo gbé omi èso ápù kaná, mo fi èèpo olóòórùn dídùn sí i, mo da ọtí ìrèké lé e. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan débi pé mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo sì dà á sínú kòtò omi. Mo ní òórùn nìkan ti tó láti fa ọkùnrin yẹn ní imú. Mo po wáìnì funfun mọ́ oyin, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀ sí omi èso lójú. Bí ó bá ṣèèṣì gbé ife ẹlòmíràn ńkọ́? Mo dà á nù. Nígbà tó yá, mo pinnu ohun tí màá ṣe. Búráńdì ti ìyá àgbà, ife kúkúrú, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́. Fún Verlyn àti àwa yòókù, omi kiranbẹ́rì, èso kíkan pupa láti oko wa, èyí tí mo fi atalẹ̀ àti èèpo ọsàn sè, nínú ife gíga, kí ojú má ṣe àṣìṣe. Ìgò búráńdì yóò wà lẹ́yìn ọṣẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìfọṣọ, èmi nìkan ni yóò sì mọ ibẹ̀. Mo gbèrò rẹ̀ bí ẹni ń gbèrò ogun. N kò mọ̀ pé ogun náà ti jókòó sílé.

Ọjọ́ náà pé. Àǹtí Delores dé pẹ̀lú páì méjì, Verlyn dé pẹ̀lú òdòdó, ó sì ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Dádì, bàbá àgbà rẹ, ló dé kẹ́yìn. O mọ̀ pé ilé rẹ̀ kò jìnnà, adágún omi oko nìkan ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ló wà wá, ó gba ọ̀nà tóóró tó wà lórí òkìtì erùpẹ̀ láàárín omi. Ó ti rù. Ẹ̀wù tí ìyá àgbà rà fún un ló wọ̀, ọrùn rẹ̀ sì ń jó nínú kọ́là. Mo ní ọ̀fọ̀ ni.

Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po ọtí, Dádì gba ṣíbí igi lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Gbé e wá. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi wo ìyá rẹ tó ń pò ó. Jẹ́ kí n ṣe é fún un lónìí." Omi bọ́ lójú mi. Mo yọ ìgò lẹ́yìn ọṣẹ, èmi fúnra mi ni mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì padà sí pálọ̀ láti máa ṣọ́ Verlyn. Janelle, ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́.

A jẹun. Mi ò mọ adùn oúnjẹ yẹn. Gbogbo ìgbà tí Verlyn bá na ọwọ́, ojú mi á tẹ̀ lé e: iyọ̀ ló mú, ànàmọ́ ló bù, ife gíga ni, ife gíga náà ni. Dádì dìde lọ sí ilé ìdáná nígbà mélòó kan. Ó ní òun fẹ́ wo páì, ó ní òun fẹ́ mú ọ̀bẹ. Mo rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó padà dé, mo sì ní ó lọ sunkún ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ta ni ń ṣọ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tí kò ṣẹ̀ rí?

Nígbà tí mò ń ṣa àwo, Verlyn tẹ̀ lé mi dé ibi ìfọ-àwo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Marlys, ife mélòó ni Dádì ti mu?" Inú ló bí mi, tàbí kí n sọ pé ẹ̀rù ló di ìbínú. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ìwọ! Ìwọ lo fẹ́ bi mí léèrè ọtí? Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú ilé yìí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi gan-an." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jáde.

Aago mẹ́rin ń lọ lù. O mọ bí oòrùn ṣe máa ń tètè wọ̀ níbí lóṣù Kọkànlá. Mo gbé páì dé orí tábìlì, mo rí i pé àga méjì ṣófo, ti Verlyn àti ti Dádì. Mo sáré wo ilé ìdáná. Ìgò búráńdì kò sí níbẹ̀. Àǹtí Delores ti yọjú lẹ́yìn mi. "Ó ti gbé e lọ, àbí? Mo mọ̀! Ajá tó bá ti jẹ ẹran tútù!" Bàbá rẹ ní, "Dádì ńkọ́?" Mo dáhùn láìronú pé Dádì ti lọ sùn sílé, Verlyn ni ká wá.

Mi ò wọ kóòtù. Ahéré ẹ̀rọ afami ni mo sáré forí lé. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń sọ pé, má jẹ́ kí ètè rẹ̀ dú, Olúwa, má jẹ́ kí ètè rẹ̀ dú. Mo gbá ilẹ̀kùn ṣí. Páìpù àti àwọ̀n nìkan ló wà ńbẹ̀. Kí ẹni tí ò ń wá má sí níbi tí ẹ̀rù ń bà ọ́ pé ó wà, ó yẹ kó jẹ́ ayọ̀. Kò jẹ́ ayọ̀. Mo dúró lójú ilẹ̀kùn, mi ò mọ ibi tí mo tún lè sáré gbà.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀. Kì í ṣe fèrè ìkíni, kì í ṣe ti ìbínú. Ó dún, kò sì dáwọ́ dúró. Ó ń bọ̀ láti orí òkìtì, láàárín omi.

Bàbá rẹ ti ń sáré níwájú mi. A rí ipa táyà nínú yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lọ tààrà, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà kò sí ipa kankan mọ́. Ọkọ̀ Dádì ti dorí kodò sínú adágún, ìdí rẹ̀ wà lókè, iwájú rẹ̀ ti fọ́ omi dídì wọlé. Ẹnìkan wà nínú omi títí dé àyà, ó ti ọwọ́ kan bọ inú fèrèsé ọkọ̀, ó gbé orí èèyàn dúró, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ kejì tẹ fèrè mọ́lẹ̀. Verlyn ni.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. "Ẹ sọ̀rọ̀, Dádì. Ẹ má sùn. Ẹ ka orúkọ àwọn ilẹ̀ oko wa fún mi, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ilẹ̀ wo ló kọ́kọ́ wà?" Mo gbọ́ ohùn kan tí kò lágbára tó ti ẹyẹ: "Ilẹ̀ Ọ̀wàrà... Ilẹ̀ Ardis..." Ardis, orúkọ ìyá àgbà rẹ. Lẹ́yìn náà kò kà mọ́. Verlyn kígbe, "Èwo ló kàn, Dádì? Èwo ló kàn?" Janelle, mo ti bí ọmọ, mo ti sin ìyá, mo ti gbé etí lé àyà àbúrò mi. N kò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ bíi ìyẹn rí.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti há, ẹsẹ̀ òsì Dádì sì ti há sábẹ́ ibi tí a fi ń tẹ bíréèkì. Bàbá rẹ kó sínú omi, ó fi irin fọ́ gíláàsì tó kù, ó rì wọlé, ó sì tú ẹsẹ̀ náà nípa fífi bàtà sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì fà á gba ojú fèrèsé, èmi fà á láti orí òkìtì. A bọ́ aṣọ lára rẹ̀, mo sùn lé e lórí kí ooru mi lè dé ara rẹ̀, nígbà tí Àǹtí Delores ń sáré bọ̀ pẹ̀lú gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé, tó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ tó sọnù nínú ọjà. Ó pẹ́ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Mo ń ka èémí rẹ̀. Mo ka ọgọ́rùn-ún, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi Verlyn jókòó sórí àga pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n yá a. Mo jókòó tì í láti dúpẹ́. Òórùn búráńdì ta sí mi nímú láti irun rẹ̀, láti ọrùn rẹ̀. Ìgò náà ti fọ́ nínú ọkọ̀, ó sì ti dà sí i lára, ṣùgbọ́n n kò ronú ìyẹn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé o mu ú?" Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti fi ojú mi rí. Kò bínú. Ó sún mọ́ mi, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà níwájú imú mi, bí a ti máa ń ṣe fún ìyá wa nígbà kékeré láti fi hàn pé a ti fọ eyín, ó sì mí jáde. Èémí kọfí ni. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì rò pé Dádì ti kú.

Kò kú. Ọjọ́ kẹta ló sọ̀rọ̀. Ó ní láti ìgbà tí a ti sin ìyá àgbà ló ti máa ń po ife méjì ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ara òun, pé kí tábìlì má ṣófo. "Mi ò lè da tiẹ̀ nù," ó ní. "Ó dà bí ìgbà tí mo bá lé e jáde. Torí náà mo ń mu ú." Ó ní nígbà tó yá, òun kì í dúró de ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ojú tì í débi pé ó yí orí sí ògiri. Verlyn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti mọ̀ láti ìgbà tí Dádì wọlé: bó ṣe ń fọ ife tirẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí i, bó ṣe ń gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó rí i tó ń jáde tòun ti ìgò, ó fi ẹsẹ̀ sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ ohun tó ń wò.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìfọ-àwo, àti fún oṣù mẹ́rìnlá tí mo fi ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí olè. Ohun tó sọ nìyí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Marlys, ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Ojoojúmọ́ ayé ni ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni."

Ní báyìí, Dádì ti wà nílé. Verlyn ti kó ẹrù rẹ̀ lọ bá a gbé. Ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ sí ìpàdé àwọn tó fi ọtí sílẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Kọ̀wé sí i. Má ṣàánú rẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Bi í léèrè oko, bi í bí omi ṣe ń dì. Kọ̀wé sí ọ́ńkù rẹ náà, kí o sì sọ fún un ohun tí ìwọ bá mọ̀ pé ó tọ́ sí i, nítorí ẹnu èmi kò tíì gbà á tán.

Kí Ọlọ́run òkun àti ti ilẹ̀ ṣọ́ ọ fún mi. Kí omi má rí ọ gbé. Bí ìbànújẹ́ bá kàn ọ́ lọ́jọ́ kan, kí ẹni tó mọ ohun tó ń wò wà nítòsí rẹ. Kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ gbé ọ padà wálé, kí a bá ọ, kí ìwọ náà bá gbogbo wa.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kì í parọ́ fún ọ mọ́,

Marlys.

Àfikún: Dókítà gé ìka ẹsẹ̀ òsì Dádì méjì nítorí òtútù. Dádì ní kí n sọ fún ọ pé bàtà òsì òun ti wá di ilé ńlá. Kí n tó lẹ àpò ìwé yìí, mo pe ilé wọn. Fóònù dún títí, mo kà á dé mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, kí Verlyn tó gbé e, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Marlys, Dádì ń wẹ̀ ni. Èmi ni mò ń di apá rẹ̀ mú kó má yọ̀ ṣubú." Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí." Ó ní, "Mo mọ̀. Jókòó ná." Mo jókòó sórí ilẹ̀ lójú ọ̀nà, mo tẹ fóònù mọ́ etí. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, mo sì ń gbọ́ Dádì tó ń bú ọṣẹ.